Ládánì Ifọ̀ àti Ìnàkí Ìbàfò

Orí ẹṣin ni mo wà lọ́jọ́ tí Fadilah kọ́kọ́ wọ ìsọ̀ wa ní Mowé. Ẹ má rò pé ẹṣin gidi ni. Ta ló fẹ́ fún irú mi ní ẹṣin? Ẹṣin fómù ni, tí ilé ìtura kan ní kí a ṣe sí ẹnu géètì wọn. Mo jókòó sí i lẹ́yìn, mo ń fi ayùn gbẹ́ etí rẹ̀, ìyẹ̀fun fómù sì bò mí débi pé bí mo bá sín lẹ́ẹ̀kan, gbogbo Mowé yóò rò pé ọyẹ́ ti dé.

Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú híjáàbù aláwọ̀ ewé. Ó wo ẹṣin. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ káàsán o. Èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ni ọ̀gá?"

Mùnírátù tó ń fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fín ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bú sẹ́rìn-ín, ọ̀dà pupa tó yẹ kó lọ sára àkùkọ lọ sára ògiri. "Ẹṣin yẹn ni, àbúrò mi. Èyí tó wà lórí ẹ̀, a kàn ń fún un lóúnjẹ ni."

Àwọn kan pàdé ìyàwó wọn níbi ìsìn, àwọn kan pàdé tiwọn ní yunifásítì. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì girama nítorí pé ojú tíṣà ìṣirò kò wù mí, wọ́n ti bú mi tán kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n bú. Bí ẹ bá ń gba Mowé kọjá, tí ẹ rí bàtà kan tó tóbi ju mọ́tò lọ lórí ìsọ̀ oníbàtà, èmi ni. Ìgbín tó ń gun òrùlé ilé oúnjẹ bí ẹni tó ń sá fún ata, èmi ni. Idì ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́tàdínlógún tí wọ́n ń wo ara wọn ní ìwòkuwò bí ẹni tó ń jà sí ilẹ̀ baba, èmi ni. Adéyanjú ló ń kọ lẹ́tà sára pátákó, Mùnírátù ló ń fín ọ̀dà, èmi sì ni mò ń gbẹ́ ohunkóhun tó bá ti ní ojú. Kò sí ẹni tí mi ò fojú di. Oníbàárà ni mo fojú di jù. Ọ̀kan á ní òun fẹ́ kìnnìún tó ń rẹ́rìn-ín, èkejì á ní òun fẹ́ áńgẹ́lì tó sanra díẹ̀. Ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n ṣe ẹja tó ń ronú. Bí mo bá kó ọpọlọ gbogbo wọn jọ, kò ní kún ìdérí ìgò kan.

Fadilah ní télọ̀ ni òun, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsọ̀ nítòsí ibùdókọ̀, òun sì fẹ́ sísọ́ọ̀sì ńlá kan sórí òrùlé, tí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré yóò rí. Mo ní kò sí wàhálà. Ọjọ́ méjì ni mo fi gbẹ́ ẹ. Ó wá wò ó, ó rìn yí i ká bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù tó ń ṣàìsàn.

"Kí nìyí?"

"Sísọ́ọ̀sì ni."

"Sísọ́ọ̀sì ta ni? Ti ẹni tó ń gé èékánná?" Ó na ìka sí ibi tí ọwọ́ ń wọ̀. "Ihò méjèèjì ṣe bákan náà. Sísọ́ọ̀sì télọ̀, ihò kan ni ti àtàńpàkò, ihò kejì ni ti ìka mẹ́ta. Ibi tẹ́ ẹ sì ti kàn án pọ̀ yìí, bó bá jẹ́ irin ni, kò lè gé bọ́tà."

"Àǹtí, ta ló fẹ́ fi fómù gé aṣọ?"

"Télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi tó bá ń kọjá á wò ó, á sì fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá mi gba ẹ̀rín yẹn?"

Mo tún un ṣe. Ó tún kọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó mú sísọ́ọ̀sì tirẹ̀ wá nínú báàgì, ó ní kí n ti ìka bọ̀ ọ́. Kò fọwọ́ kàn mí o, ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ilé kéwú ni. Aṣọ tí mo fẹ́ gé ló dì mú fún mi ní etí kejì. Mo gé e. Aṣọ náà ń ya gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ lọ bá ọwọ́ rẹ̀, èmi náà ń lọ bá a. Nígbà tó ku bí ìwọ̀n ìka kan, ó ní, "Ó tó. Ẹ ti mọ̀ ọ́n wàyí." Lóòótọ́, mo ti mọ̀ ọ́n. Mi ò sì lè sùn mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bí a ṣe ń fẹ́ra wa nìyẹn, pẹ̀lú èébú. Àwọn olólùfẹ́ mìíràn máa ń pe ara wọn ní oyin àti súgà. Ìkà ni gbogbo wọn, eyín wọn á jẹrà. Tiwa, bí mo bá pè é lórí fóònù lówùúrọ̀, á ní, "Ṣé ẹ̀yin ẹranko jí dáadáa?" Èmi á ní, "A jí, ìwọ abẹ́rẹ́ tí ò ní ojú." Á rẹ́rìn-ín, mo sì máa ń gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ á dúró díẹ̀ kí ẹ̀rín náà lè parí. Nítorí ìdádúró yẹn, mo lè fi ẹsẹ̀ rìn láti Mowé dé Sókótó kí n sì gbàgbé ohun tí mo wá ṣe.

Oṣù méje kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá bá mi, kò bú mi, ẹ̀rù sì bà mí.

"Nọ́fíù, ó yẹ kí o wá rí àwọn òbí mi ní Ifọ̀. Bàbá mi ni ládánì mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Pákó ló ń tà. Bó bá gbọ́ pé ère lò ń gbẹ́, ọ̀rọ̀ á le. Má parọ́ fún un o, ṣùgbọ́n má la ẹnu ju bó ṣe yẹ lọ."

"Ṣé èmi ni wọ́n ń sọ fún pé kí n má la ẹnu?"

"Nọ́fíù." Ó wò mí lójú. "Ọjọ́ kan péré. Mo bẹ̀ ẹ́, lọ́jọ́ kan ṣoṣo yìí, má ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo bẹ Mùnírátù kó ṣe alárinà. Ọdún mẹ́wàá ló fi jù mí lọ, ẹnu rẹ̀ sì fi ọgọ́rùn-ún jù mí lọ. Ó ti bá ènìyàn mẹ́ta wá ìyàwó, ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà nílé ọkọ. A wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó dé Ifọ̀. Mo wọ kaftáànì funfun tí Fadilah rán fún mi. Mo mọ́ débi pé ìyá arúgbó kan nínú ọkọ̀ ní kí n ṣàdúrà fún orúnkún òun.

Ẹ wá wo ọkùnrin tí a lọ bá. Iwájú orí Alhaji Àbúbákr yọ síta bí òrùlé tí kò ní gọ́tà. Bí òjò bá rọ̀, imú rẹ̀ kò ní tutù. Imú náà fẹ̀ tí àdàbà méjì lè kọ́ ilé sí i kí wọ́n má sì bá ara wọn jà. Etí òsì rẹ̀ ká wọnú bí ewé tí iná rà. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò pé ọgbọ̀n, mo kà á. Ohùn tó sì fi dáhùn ìkíni wa dà bíi ti jẹnẹrétọ̀ tí òróró ti tán nínú rẹ̀. Èyí ni ohùn tó ń pe odindi àdúgbò sí ìrun lẹ́ẹ̀márùn-ún lóòjọ́! Mo gbà pé ìbẹ̀rù ló ń gbé wọn lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mùnírátù kúnlẹ̀, ó kí i títí dé orí baba ńlá rẹ̀. Ìyá Fadilah, Alhaja Ròkíátù, gbé omi àti àkàrà wá fún wa. Nǹkan ń lọ déédéé.

"Kí ni iṣẹ́ ẹ, ọmọ mi?"

"Pátákó ìpolówó ni a ń ṣe, Alhaji. Èyí tí wọ́n ń gbé sórí ìsọ̀."

"Ó dáa. Pátákó nìkan?"

Fadilah ń wò mí láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Má parọ́, ó ti sọ fún mi. "A tún máa ń gbẹ́ nǹkan díẹ̀díẹ̀, sà."

"Bíi kí ni?"

"Bíi bàtà. Bíi ìgò. Bíi... ìgbín."

"Ìgbín ní ẹ̀mí."

"Ó ní in, sà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni."

Mùnírátù fún mi ní ìgbọ̀nwọ́ ní ìhà. Alhaji kò rẹ́rìn-ín. "Kìnnìún ńkọ́? Ènìyàn ńkọ́?"

Mo ki àkàrà bọ ẹnu. Mo jẹ ẹ́ fún ìwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ fi ń ti Ifọ̀ dé Abẹ́òkúta.

"Mo ti gbọ́," ni Alhaji wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. "Ọmọ mi, ṣé o mọ̀ pé lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀, wọn á kó gbogbo ohun tí o gbẹ́ jọ síwájú ẹ, wọn á ní, 'Ó yá, fẹ́ ẹ̀mí sí wọn nínú'? Kí lo máa wí lọ́jọ́ náà?"

Mo fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, mo mọ ohun tó yẹ kí n wí. Ó yẹ kí n ní, "Alhaji, ẹ bá mi tọrọ àforíjìn." Ó wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ti sáré kọjá lára rẹ̀.

"Alhaji, màá gbé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ wá."

Omi há Mùnírátù lọ́fun. Alhaja Ròkíátù fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín. Alhaji dìde.

"Ẹ máa lọ. Ọkùnrin tó bá lè fi ọjọ́ ìdájọ́ ṣe àwàdà, kí ló fẹ́ fi ọmọ mi ṣe?"

Fadilah bá wa níta lẹ́bàá kànga. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo tọrọ lọ́wọ́ ẹ."

"Ó bọ́ lẹ́nu mi ni."

"Gbogbo nǹkan ló ń bọ́ lẹ́nu ẹ. Ẹnu ẹ ò ní ìlẹ̀kùn." Ó nu ojú. "Màámi á bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo mọ bàbá mi, ó máa rọ̀. Fún mi ní oṣù méjì. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o má ṣe nǹkan kan. Ṣé o gbọ́? Nǹkan kan rárá."

Mo ní mo gbọ́.

Ìbá dára bó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni mi ò lè ti. Ọwọ́ mi náà kò ní ìlẹ̀kùn.

Lọ́sẹ̀ kejì ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúwajùwọ́n wá. Ìbàfò ló ń gbé, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń jáde kí adìẹ tó jí, ó sì ń wọlé nígbà tí adìẹ ti sùn, ó ní òun ń gbádùn ayé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ibi ìṣeré ọmọdé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà márosẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ìnàkí ńlá kan tó jókòó, tó la ẹnu. "Bùrọ́dà Nọ́fíù, kó jẹ́ ìnàkí tó níwà o. Kó dà bíi pé ó ń kéde nǹkan."

Nínú iṣẹ́ tiwa, bí wọn ò bá fún ènìyàn ní fọ́tò, ojú tó wà lọ́kàn ẹni ni ọwọ́ ń yá lò. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè sá fún un. Nígbà tí mo bá ìyá onílé mi tẹ́lẹ̀ jà lórí omi, odindi oṣù kan ni gbogbo àkùkọ tí mo gbẹ́ fi jọ ọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú wo ni ẹ rò pé ó wà lọ́kàn mi? Mo gbẹ́ iwájú orí, ó yọ síta. Mo gbẹ́ imú, ó fẹ̀. Mo ká etí òsì wọnú. Mo to irùngbọ̀n sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì la ẹnu náà gbàgà bí ẹni tó ń pe ìrun. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é, ọjọ́ mẹ́rin náà ni mo fi rẹ́rìn-ín.

Mùnírátù gbé ọ̀dà wá, ó dúró. "Nọ́fíù. Ojú ta nìyí?"

"Ojú ìnàkí ni."

"Ìnàkí wo ló ń ní irùngbọ̀n?"

"Èyí tó ti dàgbà."

Ó gbé ọ̀dà sílẹ̀. "Mi ò ní kun èyí. Ọwọ́ ara ẹ ni kó o fi kùn ún." Mo kùn ún. A gbé e lọ sí Ìbàfò. Mo rò pé èmi nìkan ni mo mọ̀. Ọ̀dẹ̀ wo ló wá burú tó ẹni tó gbé àṣírí kan tó ga ju ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sí ojú ọ̀nà tí gbogbo Nàìjíríà ń gbà, tó sì rò pé ẹnì kan ò ní rí i?

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn ará mọ́ṣáláṣí Ifọ̀ fi wá sí ìsọmọlórúkọ ní Ìbàfò. Bọ́ọ̀sì wọn dé iwájú ibi ìṣeré náà, ẹnì kan pariwo, "Ládánì rèé!" Bọ́ọ̀sì dúró. Wọ́n ní bàbá kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa sọ̀ kalẹ̀, ó sì sálámọ̀ sí ìnàkí lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n tó jẹ sàárà ọmọ tuntun tán, fọ́tò ti dé gbogbo fóònù tó wà ní Ifọ̀. Lọ́jọ́ kejì tí Alhaji pe ìrun ọ̀sán, àwọn ọmọ kéwú ń dáhùn lẹ́yìn ògiri, "Húù! Húù!"

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ohùn ẹlòmíràn ni wọ́n ń gbọ́ láti mọ́ṣáláṣí. Ọkùnrin tó ti pe ìrun fún ọdún mọ́kàndínlógún, tí ibà kò dá dúró, tí òjò kò dá dúró, jókòó sílé.

Fadilah ló sọ fún mi. Ó wá sí ìsọ̀, kò wọlé. Kò pariwo rárá. Ó ní, "Nígbà tí ò ń gbẹ́ ẹ, ṣé ò ń rẹ́rìn-ín?"

Mi ò lè parọ́. "Mò ń rẹ́rìn-ín."

"Ọjọ́ mélòó?"

"Mẹ́rin."

"Ọjọ́ mẹ́rin lo fi wo bàbá mi lójú. O rí etí ẹ̀. Ṣé o mọ ohun tó ká etí yẹn? Iná ni. Ìsọ̀ pákó jó, èmi ni mo wà nínú ẹ̀, mo jẹ́ ọmọ ọdún méjì. O rí etí náà dáadáa débi pé ará Ifọ̀ mọ̀ ọ́n láti inú bọ́ọ̀sì, o ò sì bi mí rí pé kí ló ṣe é." Ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe. "Mo rò pé o fojú di gbogbo ènìyàn nítorí pé o rí wọn yéké. Àṣé o ò rí ẹnikẹ́ni. Wá gbé sísọ́ọ̀sì ẹ lórí ìsọ̀ mi. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Ó lọ. Mo yíjú sí Mùnírátù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi—"

"Alárinà ni mí, Nọ́fíù. Mi ò kì í ṣe agbálẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi gbẹ́ nǹkan kan. Mo gbìyànjú láti fojú di Fadilah náà: mo ní télọ̀ lásánlàsàn ni, mo ní ẹnu rẹ̀ ti le jù, mo ní ọmọbìnrin kún Mowé bí eṣinṣin. Irọ́ náà ò tiẹ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun mi kó tó padà. Mo bi ara mi pé kí ni mo tiẹ̀ ní tó sàn ju ti bàbá náà lọ. Ohùn rẹ̀ ń ha, ṣùgbọ́n ó ń pe ènìyàn sí nǹkan. Èmi ńkọ́? Mo ń pe ènìyàn sí ìgbín.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo kó àkàbà, ayùn, àti fómù ńlá kan sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Ìbàfò. Olúwajùwọ́n sáré jáde.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ gé orí ẹ̀."

"Lórúkọ Jésù! Orí ta?"

"Orí ìnàkí, ọ̀gá."

"Rárá o! Àwọn ọmọdé fẹ́ràn ẹ̀ kú. Láti Èkó ni wọ́n ti ń wá bá a ya fọ́tò."

"Ọ̀gá, ojú bàbá ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́ ni."

Ó gbé ojú sókè wò ó fún ìgbà pípẹ́. "O fi ojú àna ẹ ṣe..." Ó mi orí. "Bùrọ́dà Nọ́fíù, o nílò ìtúsílẹ̀." Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n orí mìíràn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí n tó kúrò, ìnàkí òun ò gbọdọ̀ sùn láìlórí.

Mo gé e. Ọgọ́rùn-ún ọmọdé ló bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n gbàwẹ̀ ọdún méje kí wọ́n tó ní kò sí ìṣínu. Mo wá gbé fómù tuntun kalẹ̀, ọwọ́ mi dúró. Ojú ta ni? Ojú kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi, mi ò sì jẹ́ gbé e sórí ìnàkí láé. Mo bá bẹ oníkẹ̀kẹ́ pé kó tú dígí ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fún mi. Mo gbé e lé orí àkàbà, mo wo ara mi, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ojú mi kò nílò àtúnṣe púpọ̀ kó tó di tìnàkí. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ mọ̀. "Bùrọ́dà yẹn ni! Bùrọ́dà yẹn ni!" Ẹkún di ẹ̀rín. Àwọn tó ń lọ lójú ọ̀nà dúró. Oníkẹ̀kẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀. Mo gbẹ́ ẹ títí, mi ò fi nǹkan kan pamọ́.

"Imú ẹ tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Mi ò yíjú padà, mo ti mọ ohùn Fadilah. Mùnírátù ló pè é, mo mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà, agbálẹ̀ tí ò gbà pé agbálẹ̀ ni òun. "Ṣé kí n fi kún un?"

"Fi kún un. Etí náà kéré. O sì fi ọgbọ́n sí i lójú. Níbo lo ti rí ìyẹn?"

Mo fi kún imú, mo fi kún etí, mo yọ ọgbọ́n kúrò. Ó yí i ká, bó ṣe ń yí nǹkan ká.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́ o, Nọ́fíù."

"Mo mọ̀."

"Gbé orí bàbá mi. A ń lọ sí Ifọ̀."

Àpò ìrẹsì ni a gbé e sí. Nínú ìsọ̀ pákó ni a bá Alhaji, Alhaja Ròkíátù jókòó tì í, ó ń bó ọsàn fún un. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ìyẹ̀fun pákó, mi ò dìde. Fadilah tú àpò. Orí náà yí jáde, ó dúró, ó la ẹnu sí ẹni tó ni ín.

Alhaji wò ó. Ọkùnrin tí kì í ya fọ́tò, àfi èyí tó fi lọ sí Mẹ́kà. "Fadilah, ṣé bí mo ṣe rí nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá mi," ni ọmọ rẹ̀ wí. "Àmọ́ ẹ kì í la ẹnu tó báyẹn."

Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú àáké, ó jù ú síwájú mi. "Ìwọ lo ṣe é. Fọ́ ọ."

Mo dìde, mo gbé àáké sókè. Fómù lásán ni o, ohun tí mo máa ń fi ẹsẹ̀ ta lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bàbá náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú méjèèjì ń wò mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo wo etí òsì ti fómù, mo wo ti bàbá, ibi tí iná ti rà á. Àáké náà bọ́ sílẹ̀.

"Ọ̀lẹ," ni Alhaji wí. "O mọ̀ ọ́n gbẹ́, o ò mọ̀ ọ́n fọ́." Ó gbé àáké, ó là á sí méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gba ọsàn lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ó mu ún títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà ló wò mí.

"Orí ni ère. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ààfáà wa kọ́ wa: bí orí bá ti kúrò, ohun tó kù ò yàtọ̀ sí igi. Bí o bá fẹ́ ọmọ mi, láti òní lọ, ọwọ́ ẹ ò gbọdọ̀ gbẹ́ orí ohun ẹlẹ́mìí kankan mọ́ títí o ó fi kú."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ojú ni mo mọ̀. Ara kìnnìún, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbẹ́ ẹ; ojú ló ń mú kí ènìyàn sá. Ojú ni gbogbo ìgbéraga mi. Ohun tí bàbá yìí ń bèèrè ni pé kí n máa se ọbẹ̀ kí ẹlòmíràn máa tọ́ ọ wò. Àwàdà mẹ́ta ló tò sí ẹnu mi, ọ̀kan dùn ju èkejì lọ. Mo wo Fadilah. Kò ṣẹ́jú sí mi, kò bẹ̀ mí. Ó kàn dúró láti rí ohun tí màá ṣe.

"Mo gbà, Alhaji."

Ó ń retí. "Ṣé kò sí àwàdà?"

"Ó wà, sà. Mo gbé e mì."

Alhaja Ròkíátù tú ẹ̀rín tó ti ń dì mọ́ra láti ọjọ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. "Ládánì, ẹ fún un lọ́mọ o jàre, kó tó pọ àwàdà tó gbé mì!"

Wọ́n so yìgì wa ní mọ́ṣáláṣí Ifọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Alhaji fúnra rẹ̀ ló pe ìrun lọ́jọ́ náà, ohùn náà ṣì ń ha bí ayùn lórí páànù. Mo dúró ní sàfù kìíní lẹ́yìn lèmọ́mù, omi bọ́ lójú mi. Mo sọ fún wọn pé èéfín ni.

Láti ìgbà náà, ọrùn ni mo máa ń gbẹ́ dé. Adéyanjú tó ń kọ lẹ́tà ló wá ń ṣe orí. Adéyanjú! Kìnnìún tó kọ́kọ́ ṣe orí fún, ara rẹ̀ dà bí ọba, ojú rẹ̀ dà bí ewúrẹ́ tí wọ́n bá nínú oko olóko. Idì rẹ̀ dà bí adìẹ tó gbọ́ ìròyìn burúkú. Oníbàárà kan wá gbé ẹṣin rẹ̀, ó bèèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé ìyá ẹṣin náà ti kú ni. Àwọn oníṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa láti Ìbàfò ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà láti fi wá rẹ́rìn-ín, èmi tí mo ti fi gbogbo wọn rẹ́rìn-ín rí. Àna mi wá kí wa ní oṣù tó kọjá. Ó rìn láàárín àwọn ẹranko náà, ó dúró níwájú ẹ̀kùn tí Adéyanjú ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, "Èyí ò kàn mí. Ọlọ́run ò dá nǹkan báyìí rí."

Àwọn ará Mowé ń sọ pé ìbẹ̀rù àna ló sọ ọwọ́ mi di aláìlórí. Òmùgọ̀ ni wọ́n. Bàbá yẹn ò lè ríran láti Ifọ̀. Ẹni tí mò ń bẹ̀rù jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, ó lóyún oṣù mẹ́fà, ó sì ti ní kí n tètè wálé lónìí, kí n wá gbọ́ gbogbo ohun tó burú lára bẹ́ẹ̀dì ọmọ tí mo kàn.